Irin Kì í Dá Òkúta Lu Fúnra Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ òkúta ni mo mú wá fún yín, àti ọ̀rọ̀ irin tí ń dá òkúta lu. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ ọ́ dé ìdí, ẹ óò rí i pé ọ̀rọ̀ ènìyàn ni.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti Ìsarà ní ilẹ̀ Rẹ́mọ. Afọtamọdi ni wọ́n ń ki Ìsarà. Ẹni tí ó bá gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé ọta wà nínú orúkọ yìí, odi sì wà nínú rẹ̀. Ìlú tí ó ń fi ọta yangàn kò ní bínú bí a bá bi í léèrè pé: kí ni òkúta ti ṣe fún ọmọ ènìyàn, ta ni ó sì ń bá òkúta jà kí ó tó gbà?

Oríṣi òkúta méjì ni ó pàdé ní ilẹ̀ Rẹ́mọ. Ní ìhà gúúsù, ní agbègbè Ṣàgámù, òkúta ẹfun ni ó wà lábẹ́ ilẹ̀ pupa. Òkun ni ó bo ibẹ̀ ní ìgbà láéláé, ó ti ju àádọ́ta mílíọ̀nù ọdún lọ. Ìdí nìyí tí a fi ń rí ìkarahun ẹran omi nínú òkúta náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òkun ti jìnnà sí Ṣàgámù báyìí. Ní ìhà àríwá, bí a bá ti ń kọjá Ìsarà lọ sí ọ̀nà Ìbàdàn, a ó bọ́ sí ilẹ̀ akọ òkúta. Akọ òkúta kì í ṣe ọmọ òkun. Inú ooru abẹ́ ilẹ̀ ni ó ti le, ó sì dàgbà ju òkúta ẹfun lọ fíìfíì. Òkúta ẹfun ni a fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì. Akọ òkúta ni a ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ tí a fi ń po kọnkéré, òun náà ni a sì ń tẹ́ sí abẹ́ ọ̀dà títì. Nínú méjèèjì, kò sí èyí tí ọkọ́ lè wà.

Ọ̀nà kan náà ni a fi ń mú wọn. A ó dá ihò lu sínú àpáta, ihò náà yóò jìn, yóò sì tọ́. A ó ki ohun abúgbàmù sínú rẹ̀, a ó lé gbogbo ènìyàn sẹ́yìn, a ó sì yìn ín. Bí ihò bá wọ́, tàbí bí kò bá jìn tó, òkúta lè fò lọ sí ibi tí kò yẹ, tàbí kí ilé onílé máa mì tìtì láìjẹ́ pé àpáta fọ́ bí a ti fẹ́. Nítorí náà, gbogbo iṣẹ́ kúárì dúró lórí ihò, ihò sì dúró lórí irin tí ó dá a lu. Ibi tí ọ̀rọ̀ wa wà gan-an nìyí: ta ni ó ń tọ́jú irin náà?

Láyé àtijọ́, agbára apá ni a fi ń dá òkúta lu. Ọkùnrin kan yóò di irin gígùn mú, èkejì yóò fi òòlù lù ú. Bí òòlù bá ti balẹ̀, ẹni tí ó di irin mú yóò yí i díẹ̀, kí ẹnu irin lè bọ́ sí ojú tuntun. Àwọn ará Ṣáínà ní agbègbè Sichuan tilẹ̀ ti ń fi irin wúwo gún ilẹ̀ bí ẹni gún iyán, láti wá omi iyọ̀, ó ti tó nǹkan bí ẹgbàá ọdún. Okùn ọparun ni wọ́n fi ń so irin náà. Ní ọdún 1835, ọ̀kan nínú àwọn kànga wọn, tí a ń pè ní Shenhai, jìn ju 1,000 mítà lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí mi dáadáa. Bí irin ti ń jẹ òkúta ni òkúta ń jẹ irin. Kí ihò tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà mélòó kan, ẹnu irin yóò ti kú. Nítorí náà, ní kúárì ayé ìgbà náà, ilé arọ kì í jìnnà sí ojú àpáta. Àwọn ọmọdékùnrin a máa ru irin tí ó ti kú lọ bá alágbẹ̀dẹ, wọn a sì ru èyí tí ó mú padà wá. Alágbẹ̀dẹ yóò fi irin sínú iná, yóò lù ú títí ẹnu rẹ̀ yóò fi padà, yóò sì rì í bọ omi. Bí irin bá le jù, ẹnu rẹ̀ yóò máa kán. Bí ó bá rọ̀ jù, ẹnu rẹ̀ yóò máa ká kò. Kò sí ohun tí alágbẹ̀dẹ fi ń wọn èyí ju ojú rẹ̀ lọ: àwọ̀ irin nínú iná ni ó ń wò. Ẹ̀kọ́ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Àwọn baba wa mọ̀ pé àgbẹ̀ tí kò bá gbé àdá rẹ̀ lọ sí ilé arọ, agbára apá rẹ̀ ni yóò fi dí i. Alágbẹ̀dẹ yìí ni baba-ńlá gbogbo mẹkáníìkì tí ó wà ní kúárì lónìí.

Ní ilẹ̀ tiwa, rélùwéè ni ó sọ iṣẹ́ òkúta di iṣẹ́ ńlá. Ọdún 1896 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó, ní oṣù kẹta ọdún 1901 ni a sì ṣí i dé Ìbàdàn. Ní Àró, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, a ṣí kúárì kan tí rélùwéè ń kó òkúta rẹ̀. Ní àkókò yẹn, yanrìn dí ẹnu ọ̀sà Èkó tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ òkun ńlá kò fi lè wọlé. Ẹrù púpọ̀ a máa gba Forcados kí ó tó dé Èkó. Nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í mọ odi sínú òkun ní nǹkan bí ọdún 1908, kí omi lè máa gbá yanrìn náà lọ, òkúta Abẹ́òkúta ni ọkọ̀ ojú irin ń kó lọ. Ẹni tí ó bá dúró ní etí òkun Èkó tí ó rí odi òkúta náà, kí ó rántí pé òkúta ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni ó ń bá òkun Èkó wí. Kò sì sí ọ̀kan nínú òkúta wọ̀nyẹn tí ó kúrò ní ojú àpáta láìjẹ́ pé irin kan kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀.

Ọdún 1908 yìí kan náà ni ilé-iṣẹ́ Nigerian Bitumen Corporation, lábẹ́ John Simon Bergheim, bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ kànga ní ìhà Òkìtìpupa láti wá epo rọ̀bì. Wọ́n gbẹ́ kànga mélòó kan, ṣùgbọ́n Bergheim kú ní 1912, ogun àgbáyé sì dé ní 1914, iṣẹ́ náà bá dúró. Bí irin tí ń gbẹ́ ilẹ̀ ṣe wọ ilẹ̀ Yorùbá nìyí, láti wá òkúta àti láti wá epo.

Nísisìyí, ẹ jẹ́ kí a wo bí ẹ̀rọ ṣe gba òòlù lọ́wọ́ ènìyàn. Ní ọdún 1857, a bẹ̀rẹ̀ sí í la ihò ọkọ̀ ojú irin kọjá lábẹ́ òkè Alps, ní ibi tí a ń pè ní Mont Cenis. Gígùn rẹ̀ tó máìlì mẹ́jọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé yóò gba ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1861, ẹnjiníà kan tí ń jẹ́ Germain Sommeiller gbé ẹ̀rọ wọlé tí afẹ́fẹ́ fífún pọ̀ ń ti irin rẹ̀ síwájú sẹ́yìn. Ní 1871, a ṣí ọ̀nà náà. Ọdún mẹ́rìnlá péré ni ó gbà. Gbogbo ayé yin ẹ̀rọ náà. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sọ ni pé ẹ̀rọ tí ó wà ní ilé àtúnṣe pọ̀ ju èyí tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ. Àpáta ń fọ́ wọn, àwọn alágbẹ̀dẹ àti mẹkáníìkì sì ń tún wọn ṣe tọ̀sán-tòru. Bí kò bá sí àwọn tí ń tún un ṣe, ẹ̀rọ Sommeiller ì bá di àlòkù irin láàárín oṣù díẹ̀.

Ẹ̀rọ tuntun náà mú ọ̀tá tuntun wá, eruku ni. Òòlù ọwọ́ kì í mú eruku púpọ̀ jáde. Ẹ̀rọ a máa tú u bí èéfín. Akọ òkúta púpọ̀ ní èròjà kan tí ó jọ gíláàsì nínú. Bí ènìyàn bá fa eruku rẹ̀ sínú, kì í jáde mọ́; yóò gé ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀dọ̀fóró yóò sì le bí awọ gbígbẹ. Ẹni náà yóò máa wú ikọ́, yóò máa rù, mímí yóò sì nira fún un títí yóò fi kú. Ní Amẹ́ríkà, àwọn awakùsà pe ẹ̀rọ náà ní asọni-di-opó. Ní òpin ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, George Leyner ní Colorado ṣe irin tí ó ní ihò láàárín, ó sì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbà á kọjá kí ó lè gbá eruku jáde kúrò nínú ihò. Eruku náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn awakùsà kọ ẹ̀rọ rẹ̀. Leyner kò bá wọn jà. Ó fi omi dípò afẹ́fẹ́ náà. Eruku di ẹrẹ̀, ó ń ṣàn jáde. Láti ìgbà náà ni ayé ti mọ̀ pé omi díẹ̀ ní ẹnu irin lè gba ẹ̀mí là.

Ayé mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọ̀gá ni ó ṣe é. Ní 1930, a bẹ̀rẹ̀ sí í la ihò omi kan kọjá lábẹ́ òkè ní Hawks Nest, ní ìpínlẹ̀ West Virginia ní Amẹ́ríkà. Àwọn ènìyàn dúdú tí wọ́n ń wá iṣẹ́ ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó wọ inú rẹ̀. Kí iṣẹ́ lè yá, a ń dá òkúta lu ní gbígbẹ, láìlo omi. Eruku náà funfun tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá ti inú ihò jáde dà bí ẹni tí ó ta ìyẹ̀fun sára. Iye òkú tí a sọ níwájú ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin wọn ní 1936 jẹ́ 476; ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 1986 ṣírò rẹ̀ sí 764. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kì í ṣe pé ẹ̀rọ bàjẹ́ ní Hawks Nest. Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ gan-an. Ìtọ́jú ènìyàn ni a yọ kúrò nínú ìtọ́jú ẹ̀rọ.

Ní ilẹ̀ wa, ọdún 1959 ni a dá ilé-iṣẹ́ West African Portland Cement sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì rẹ̀ ní Ewékorò sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960, ọdún tí a gba òmìnira. Ní 1978, èkejì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ṣàgámù. Ní ọdún 1978 yìí kan náà ni a ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, èyí tí ó gba ilẹ̀ Rẹ́mọ kọjá. Ọba Samuel Akinsanya ni ó wà lórí oyè Odẹ́mọ ti Ìsarà láti 1941 títí di 1985. Nítorí náà, ọba kan ṣoṣo ni ó fi ojú rí gbogbo àyípadà yìí. Nígbà tí ó gorí oyè, gbogbo sìmẹ́ǹtì tí a ń lò ń ti òkè òkun wá. Kí ó tó wàjà, a ti ń gbẹ́ òkúta rẹ̀ ní Ṣàgámù, ẹnu ọ̀nà Ìsarà bí a bá wò ó.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ fún yín, ní ẹsẹẹsẹ, ohun tí ẹni tí ń tọ́jú ẹ̀rọ kúárì ń ṣe. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé fi ọkàn bá mi lọ.

Ìkínní ni omi. Afẹ́fẹ́ ilẹ̀ wa kún fún omi tí ojú kò rí. Bí kọ̀mpurẹ́sọ̀ bá fún afẹ́fẹ́ pọ̀, tí afẹ́fẹ́ náà sì tutù, omi yóò jáde nínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ara ife omi tútù ti ń làágùn. Omi náà yóò rọ̀ sí ìsàlẹ̀ àgbá afẹ́fẹ́. Bí a kò bá ṣí i jáde lójoojúmọ́, yóò bá afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ̀rọ, yóò fọ epo dànù, ìpẹtà yóò sì dé.

Èkejì ni epo. Ìgò epo kan máa ń wà lórí okùn rọ́bà tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, kí afẹ́fẹ́ lè máa gbé epo díẹ̀díẹ̀ lọ sínú ẹ̀rọ. Báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé epo ń dé ibẹ̀? Òṣìṣẹ́ tí ó gbọ́n yóò na bébà sí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Bí epo bá ta sí bébà náà fẹ́ẹ́rẹ́, ó dára. Bí bébà bá gbẹ, kí ó pa ẹ̀rọ náà kíá, nítorí irin ti ń ha irin nínú.

Ẹ̀kẹta ni gírísì. Kí a tó fi gírísì sí ojú ibi tí ó ń gbà wọlé, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ nù ún mọ́. Ẹni tí kò bá nù ún, yanrìn ni ó ń fún wọ inú ẹ̀rọ, ó wá rò pé òun ń tọ́jú rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni fíltà. Ojú eruku ni ẹ̀rọ yìí ń gbé, ẹnjíní rẹ̀ sì ń mí bí ènìyàn ti ń mí. Bí fíltà bá dí, ẹnjíní yóò máa rú èéfín dúdú, yóò sì máa jẹ dísẹ́ẹ̀lì lásán. Bí fíltà bá ya, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí eruku òkúta yóò pa ẹnjíní náà bí ó ti ń pa ẹ̀dọ̀fóró.

Ẹ̀karùn-ún ni ẹnu irin. Ní òde òní, ẹnu irin ní kókó roboto tí ó le ju irin lásán lọ. Bí kókó náà bá ti ń jẹ, orí rẹ̀ yóò tẹ́. Bí ibi tí ó tẹ́ bá ti tó ìdámẹ́ta ìbú kókó náà, àkókò tó láti tún un lọ̀. Ẹni tí ó bá ní kí ó ṣe díẹ̀ sí i, yóò fi ẹnu tí ó kú na ẹ̀rọ rẹ̀, yóò na ọ̀pá rẹ̀, yóò sì jó dísẹ́ẹ̀lì. Kókó náà yóò sì là kẹ́yìn.

Ẹ̀kẹfà ni okùn rọ́bà àti àwọn ìdè rẹ̀. Okùn tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀, bí ó bá já, yóò máa jà bí ejò, ó sì lè pa ènìyàn. A gbọ́dọ̀ yẹ ìdè rẹ̀ wò ní òwúrọ̀, kí a sì fi ṣéènì so ó. Bí a bá fẹ́ tú ohunkóhun, a ó kọ́kọ́ pa ẹnjíní, a ó sì tú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde.

Èkeje ni omi tàbí ẹ̀rọ tí ń fa eruku. Hawks Nest ti kọ́ wa ní èyí. Bí omi kò bá yọ ní ẹnu irin, iṣẹ́ kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀.

Èkejọ ni ìwé. Ẹ̀rọ kì í ka oṣù, wákàtí ni ó ń kà. Aago kan wà lára rẹ̀ tí ń ka wákàtí tí ó fi ṣiṣẹ́. Lára ọ̀pọ̀ ẹnjíní báyìí, ní wákàtí 250 ni a máa ń pa epo rẹ̀ dà. Ìwé tí ó bá ẹ̀rọ wá ni yóò sọ iye rẹ̀ gan-an. Ẹni tí kò bá kọ ọ́ sílẹ̀ yóò máa sọ pé, "Ó dà bí ẹni pé a pa á dà lọ́jọ́sí." Ọ̀rọ̀ "ó dà bí ẹni pé" ti ba ẹ̀rọ jẹ́ ju àpáta lọ.

Ẹ ò rí i pé kò sí ohun tí ó ṣòro nínú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ? Omi ṣíṣí, ojú nínù, bébà nína, ìwé kíkọ. Ọmọ ilé-ìwé lè ṣe púpọ̀ nínú wọn. Ohun tí ó ṣòro ni kí a ṣe é lónìí, kí a tún ṣe é lọ́la, ní ọjọ́ tí kò sí ohun tí ó bàjẹ́, tí kò sì sí ẹni tí ń wò wá. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Díẹ̀díẹ̀ náà ni ìbàjẹ́ fi ń wọ ẹ̀rọ. Ọ̀bẹ kì í sì í mú títí kí ó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Bí ó ti wù kí ẹ̀rọ lágbára tó, kò lè fi gírísì sí ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò dúró ní kúárì. Láti 1981 títí di 1990, Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé ya ọdún mẹ́wàá sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ omi mímu. A gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ abúlé ní Áfíríkà. Ẹ̀kọ́ tí ó gba ọkàn àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ náà ni pé ihò kì í sábà bàjẹ́. Ọwọ́ ẹ̀rọ tí a fi ń fa omi ni ó ń bàjẹ́, ó sì lè jẹ́ pé awọ kékeré kan tàbí nọ́ọ̀tì kan ni ó jẹ. Nítorí awọ kékeré yìí, àwọn ìyá yóò padà sí odò tí kò mọ́, àwọn ọmọ yóò sì máa ṣu ọ̀rìn. Wọ́n wá ń wá irú ẹ̀rọ tí ará abúlé fúnra rẹ̀ lè tú, kí ó sì tún un tò. Ìtọ́jú tí ó bá dúró de àlejò, àlejò lè má dé.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá sọ pé òun fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, ẹ má ṣe fi ojú ẹlẹ́gbin wò ó nítorí epo tí yóò wà lára aṣọ rẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá tí yóò kọ́ ọ bóyá ó ní ìwé tí ó ń kọ iṣẹ́ sí, àti bóyá àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ní ohun tí wọ́n fi ń bo imú. Ẹ̀yin ọ̀gá, ọjọ́ tí ẹ bá ra ẹ̀rọ kì í ṣe ọjọ́ tí ìnáwó parí. Owó gírísì, owó fíltà àti owó omi wà lára iye rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń kọjá ní ọ̀nà márosẹ̀ náà, tí ẹ ń rí Ìsarà àti àwọn ìlú Rẹ́mọ yòókù lápá ọ̀tún àti lápá òsì, òkúta ni ó wà lábẹ́ táyà yín. Ẹnìkan ni ó jí ní kùtùkùtù, tí ó ṣí omi àgbá, tí ó na bébà sí ẹnu ẹ̀rọ, kí òkúta náà tó lè dé ibẹ̀. Òun ni kí ẹ bá mi kí pé ó kú iṣẹ́.